Àjákù Inú Mẹ́mọ́rì

Ìṣẹ́jú méjìlá gbáko ni kọ̀ǹpútà yàrá àyẹ̀wò eegun fi ń to àwòrán ẹyọ kan jọ. Àwọn aláìsàn á jókòó títí, ìdí á máa ro wọ́n lórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo ènìyàn gbà pé ẹ̀rọ náà ti darúgbó, àfi obìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Wáyà.

Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yẹ inú ẹ̀ wò. Kí àwòrán kan tó jáde, ẹgbẹlẹgbẹ̀ àjákù fáìlì ni ẹ̀rọ náà ń kọ sórí díìsìkì, ibi ìpamọ́ rẹ̀, tó ń kà padà, tó sì ń pa rẹ́.

"Kò darúgbó, sà," ó wí fún dókítà àgbà. "Ẹ jẹ́ kí n máa kó àwọn àjákù yẹn sínú mẹ́mọ́rì. Ibẹ̀ yá ju díìsìkì lọ fíìfíì."

"Bí iná bá lọ ńkọ́? Gbogbo ẹ̀ ò ní pòórá?"

"Àjákù nìkan ni, sà. Dídànù náà ni wọ́n. Àwòrán gan-an, orí díìsìkì ló ń lọ."

"Ọrùn ẹ ni mo máa so ó mọ́ o."

"Ẹ so ó, sà. Ọrùn mi gbà á."

Ìlà àṣẹ kan péré ló kọ sínú ẹ̀rọ náà. Ó fi òdiwọ̀n gígábáìtì méjì sí i, kí àjákù má baà gba gbogbo mẹ́mọ́rì kí ẹ̀rọ wá dákú. Àwòrán mẹ́ta jáde wéré, ìṣẹ́jú méjì méjì. Ó wá kan ọ̀pá ẹ̀yìn awakọ̀ gíga kan, ẹ̀rọ dúró gbagidi: kò sí àyè mọ́.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" ni dókítà ń wí.

Ìyá Wáyà ò mikàn. Ó wọn àjákù àwòrán ẹ̀yìn náà: ó lé díẹ̀ ní gígábáìtì mẹ́ta. Mẹ́rìndínlógún ni mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ ní, ló bá sún òdiwọ̀n sí márùn-ún. Awakọ̀ ò tíì so okùn bàtà tán tí ẹ̀yìn ẹ̀ fi hàn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, iná lọ pàì. Dókítà sáré wọlé. Nígbà tí iná dé, Ìyá Wáyà ṣí ibi tí àjákù ń wà: ó ṣófo. Dókítà káwọ́ lérí. Ìyá Wáyà ṣí ibi tí àwòrán wà: mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án tí wọ́n ti parí láàárọ̀ ló pé.

"Èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan la máa tún ṣe, sà. Ìṣẹ́jú méjì."

Dókítà mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ta ló kàn?"