Ọlọ Tó Ń Lọ Òfìfo

Fàdílù ṣẹ̀ṣẹ̀ tún orin náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta ni Hàníyyà, aya aládùúgbò wọn, ru ọpọ́n àgbàdo wọlé.

"Ìyá Fàdílù, ẹ ti ṣí ọlọ lọ́jọ́ Jímọ̀? Ọlọ́run ló yọ mí! Ọkọ mi ní ọkà lòun máa jẹ."

Ó wo ọlọ oníná tó wà ní igun ilé: ó dákẹ́. Ó wo báfù, àpótí agbóhùnjáde tí Fàdílù gbé ka orí àga: ìyẹn gan-an ló ń ké.

Àràmọ́tù, ìyá Fàdílù, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Fàdílù, iwin rẹ ti pe oníbàárà wá fún mi. Kó máa ké lójoojúmọ́."

"Iwin wo?" Hàníyyà béèrè.

Fàdílù ṣàlàyé. Wọ́n ń tún fíìmù ẹlẹ́rù kan ṣe, èyí tó jáde nígbà tí òun ṣì kéré, òun ni wọ́n sì gbé orin rẹ̀ fún. Àwo orin náà yóò jáde ṣáájú fíìmù. Orin mọ́kànlá ti parí. Ó ku ti ibi tí ìyàwó tuntun inú fíìmù náà ti máa gbọ́ ohun tó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fún un, ó ti dẹ bẹ́líìtì ọlọ díẹ̀, ó sì gbé mìkró tó ń gba ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá rẹ̀. Bí bẹ́líìtì ṣe ń yọ̀, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Fọláṣadé tó ni fíìmù ti pè é láti Kùtọnu láàárọ̀.

"Nínú fíìmù, àwòrán ń ràn ọ́ lọ́wọ́," ó ní. "Nínú àwo orin, etí nìkan ló wà. Bó bá di ọjọ́ Ajé tí orin náà ò tíì lè dẹ́rù ba ẹni tó dijú gbọ́ ọ, ẹlòmíràn ni yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe."

"Èmi ò gbọ́ ẹ̀rù kankan o," Hàníyyà wí. "Oúnjẹ ni mo gbọ́. Ọrùn tí mo fi ru ọpọ́n yìí, ìwọ ni wàá wò ó sàn." Ó ru ọpọ́n rẹ̀, ó padà sílé.

Fàdílù mú sípánà. "Bóyá kí n tún dẹ bẹ́líìtì yẹn sí i."

"Fi í sílẹ̀." Ìyá rẹ̀ gbé àwo ẹ̀wà kalẹ̀. "Ariwo ọlọ kì í bà mí lẹ́rù. Ọjọ́ tí bàbá rẹ ṣubú nídìí ọlọ tó sì kú, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń sá aṣọ. Mo gbọ́ pé àgbàdo ti tán lẹ́nu ọlọ, irin ń ha irin. Bàbá rẹ kì í jẹ́ kí ọlọ lọ òfìfo, ó ní ó ń jẹ eyín ara rẹ̀ ni. Mo dúró kó pa ọlọ. Kò pa á. Mo ti mọ̀ kí n tó dé ibẹ̀."

Ọdún mẹ́sàn-án rè é, kò sọ ọ́ fún un rí.

"Ìyá, bí ẹ ò bá fẹ́, mi ò ní lò ó."

"Ṣé mo ní kí o má lò ó ni? Fa bẹ́líìtì le, bí bàbá rẹ ṣe máa ń fà á."

Fàdílù fà á le. Ó gbé mìkró kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó so ó mọ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ìyá rẹ̀ da abọ́ àgbàdo kan sẹ́nu ọlọ, ó tan iná rẹ̀. Ohùn náà kọ́kọ́ ki bí ẹni ń jẹun. Nígbà tó yá, ó ń fẹ́lẹ́, ó ń ga sókè, títí ó fi ku irin nìkan. Ọwọ́ Àràmọ́tù wà lára bọ́tìnnì. Kò tẹ̀ ẹ́.

Ìlẹ̀kùn ṣí gbàà.

"Ìyá Fàdílù! Ìyá Fàdílù, kí ló ṣe yín?"

Hàníyyà ni, láìwé gèlè, bàtà ẹsẹ̀ kan. Àràmọ́tù pa ọlọ. Gbogbo agboolé dákẹ́.

Ní ẹ̀yìnkùlé, Fàdílù nawọ́ láti pa ẹ̀rọ tó ń gba ohùn. Ó gba ojú fèrèsé wo Hàníyyà, tó ń mí gúlegúle, tí kò ru ọpọ́n kankan. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gba ìdákẹ́jẹ́ náà mọ́ ohùn ọlọ.