Orúkọ Márùn-ún Nínú Fìlà Kóòṣì

Kóòṣì wa, Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni, kì í dá yan àwọn márùn-ún tó máa bẹ̀rẹ̀ eré. Bí a bá ní eré lọ́jọ́ Sátidé, Ọjọ́bọ̀ ni yóò kó àwa ọmọbìnrin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jókòó sórí pápá básíkẹ́ẹ̀tì kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Bódìjà, yóò ní kí á jà. Ìjà ẹnu ni o. Kí kálukú sọ ẹni tí ipò tọ́ sí àti ẹni tí kò tọ́ sí. Bí a bá jà tán, a ó kọ orúkọ márùn-ún sínú ìwé pélébé, a ó ká a, a ó jù ú sínú fìlà rẹ̀. Òun nìkan ló ń kà á. Àwọn márùn-ún tí orúkọ wọn bá pọ̀ jù ni yóò pè, kò sì ní sọ iye tí ẹnikẹ́ni ní. Kò sófin tó ní kéèyàn má kọ orúkọ ara rẹ̀. Gbogbo wa la máa ń kọ ọ́.

Èmi Shukurat, ọdún mẹ́ta ni mo fi wà nínú ẹgbẹ́ yìí tí fìlà yẹn kò pe orúkọ mi rí. Orí bẹ́ǹṣì ni tèmi. Èmi ni mò ń gbé àpò bọ́ọ̀lù, èmi ni mò ń pín omi. Kóòṣì a máa sọ mí sínú eré fún ìṣẹ́jú méjì bí a bá ti na àwọn kan ní ànàtúnnà, tàbí bí wọ́n bá ti na àwa, ìyẹn ni pé ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń wòran mọ́.

Bàbá mi ò mọ̀. Télọ̀ ni wọ́n ní Ṣakí. Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ pé èmi ni mò ń darí bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ wa, wọ́n sì gbà á gbọ́, nítorí àwọn fúnra wọn kì í purọ́. Àwọn ni wọ́n bá mi dín jẹ́sì mi tó tóbi, wọ́n sì fi òwú pupa tún nọ́ńbà mẹ́rìnlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rán, kí wọ́n lè dá mi mọ̀ láti òkèèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá. Nígbà tí eré tó kẹ́yìn lọ́dún yìí ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n pè mí.

"Shukura, mò ń bọ̀ ní Sátidé o. Ọkọ̀ àárọ̀ ni màá wọ̀, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, màá ti sọ̀ l'Ójòó. O ń jáde ilé ìwé lọ́dún yìí. Bí mi ò bá wá wò ẹ́ báyìí, ìgbà wo ni màá tún wò ẹ́?"

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo bá dìde, mo ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ṣàlàyé pé bàbá mi ń bọ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ orúkọ mi. Ọ̀dọ̀ Ikhlas ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé yàrá kan ní Agbowó, ìkòkò kan la fi ń se ọbẹ̀. Ó ní, "Ṣé o tún ń bi mí ni? Ìwọ ni màá kọ́kọ́ kọ." Islamiat ní wallahi, òun máa kọ mí. Mẹ́jọ nínú wọn ló ṣèlérí.

Tẹjúmọ́lá nìkan ni kò ṣèlérí. Òun ló ń darí bọ́ọ̀lù lóòótọ́. Ipò tí mo ń wá, òun ló wà níbẹ̀.

"Ṣé bàbá ẹ ń bọ̀ lóòótọ́?" ló bi mí.

"Wọ́n ń bọ̀."

"Màá rò ó." Ó tẹrí ba, ó ń so okùn bàtà rẹ̀ lọ.

Màá rò ó! Inú bí mi gan-an. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, tí Kóòṣì ní kí á jà, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo ní ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ eré.

"Tó o bá wọlé, ta ló máa jáde?" ni Kóòṣì wí.

"Tẹjúmọ́lá ni, sà."

"Kí ló ṣe?"

"Kì í fún èèyàn ní bọ́ọ̀lù, sà. Agbéraga ni. Tara ẹ̀ nìkan ló mọ̀."

Ẹyin lohùn. Mo mọ̀ pé ó ti fọ́ kí n tó jókòó. Kóòṣì ní kí Tẹjúmọ́lá fèsì, ó ní kí á kúkú máa kọ orúkọ. Mo wo ojú àwọn mẹ́jọ tó kù, bóyá ẹnìkan á gbè mí lẹ́yìn. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ó yẹ kí n ti fura.

A kọ orúkọ, Kóòṣì kà á, ó pe àwọn márùn-ún. Tẹjúmọ́lá ló kọ́kọ́ pè. Kò pè mí. Ó rọ́ àwọn ìwé náà sínú àpò bọ́ọ̀lù, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Kí n tó délé, wọ́n ti ń tọ̀ mí wá. Islamiat fà mí sẹ́yìn lẹ́nu géètì: "Mo kọ ẹ́ o. Àwọn tó kù ni mi ò mọ̀." Ẹlòmíì sọ bẹ́ẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Nílé, Ikhlas ń ro ẹ̀bà lọ́wọ́ nígbà tó ní, "Shuku, Ọlọ́run rí mi, mo kọ ẹ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Mo wá jáde síta, mo pe bàbá mi, mo ní wọ́n ti sún eré náà síwájú, wọn ò tíì dá ọjọ́.

"Mo mà ti rán bùbá tí màá wọ̀."

"Ẹ má bínú, Bàámi."

"Kí lo ṣe tí màá fi bínú? Tí wọ́n bá ti dá ọjọ́, kó o pè mí."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo fẹ́ nu bọ́ọ̀lù, mo bá bá àwọn ìwé náà nínú àpò. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé. Mo tẹ́ wọn sílẹ̀. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Ikhlas, òun ló ń kọ ohun tí a fẹ́ rà lọ́jà sára ògiri wa. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Kò sí nínú ti Islamiat náà. Méjì péré ni mo ti rí Shukurat. Ọ̀kan ni èyí tí èmi fúnra mi kọ. Báírò aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ èkejì, kò sì sẹ́ni tó ń lo báírò yẹn láàárín wa bí kò ṣe Tẹjúmọ́lá. Ó kọ àwọn mẹ́rin, ó kọ èmi sí ìsàlẹ̀. Kò kọ ara rẹ̀.

Mo jókòó ti bọ́ọ̀lù. Èèyàn mẹ́jọ, ọdún mẹ́ta, ojú lásán ni mo ń rí. Ẹnìkan ṣoṣo tó fẹ́ mi fẹ́re, òun ni mo bú lójú gbogbo wọn. Mi ò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mi ò lè bá àwọn mẹ́jọ jà, mi ò sì mọ ojú tí màá fi wo Tẹjúmọ́lá. Ó ṣe mí bíi kí n pe bàbá mi padà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wá wo kí ni? Kí wọ́n wá wò mí níbi tí mo ti ń pín omi? Mo dá àwọn ìwé náà padà sínú àpò.

Lọ́jọ́ Sátidé, eré náà le. Nígbà tó ku ìdá kan nínú mẹ́rin, àmì mẹ́ta péré la fi ṣíwájú. Tẹjúmọ́lá, tí kì í rẹ̀, rìn lọ bá Kóòṣì, ó di orúnkún mú.

"Ó ti rẹ̀ mí, sà. Ẹ jẹ́ kí Shukurat wọlé."

Kóòṣì wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọwọ́ mi móoru. Mo fún Islamiat ní méjì, ó jù ú sáwọ̀n. Mo ju ọ̀kan fúnra mi, kò tiẹ̀ kan irin. Àwọn èèyàn hó yèè. Mo yíjú sókè, sí ìlà tó kẹ́yìn lábẹ́ igi, ibi tí mo ti ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ pé màá fi bàbá mi jókòó sí kí oòrùn má bàa pa wọ́n. Àpò ìwé ẹnìkan ló wà níbẹ̀.

Àmì kan la fi borí. Wọ́n dì mọ́ mi, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, Ikhlas ń pariwo pé, "Ṣé mi ò wí?" Ojú ẹ̀ kò tilẹ̀ tì í. Mo dúró láàárín wọn bí igi.

Tẹjúmọ́lá dúró kí wọ́n túká, ó wá sún mọ́ mi. Ó ń na ọrùn wo àárín àwọn èrò.

"Bàbá ẹ dà? Àtìgbà tí mo ti jáde ni mo ti ń wá wọn. Jẹ́ ká lọ kí wọn kí wọ́n tó lọ."

Ó ti tẹ̀ ba, ó ń fi aṣọ ìnura nu iyanrìn orúnkún rẹ̀ kúrò, kó lè kúnlẹ̀ kí wọn.