Fíìmù Tí Màmá Ń Fi Etí Wò

Bí ẹ bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Olútóyìn kọjá ní Ẹ̀gbẹ́dá ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ óò rí i pé ó ti ti ilẹ̀kùn, bó ti wù kí aṣọ tó wà nílẹ̀ láti rán pọ̀ tó. Oníbàárà tó bá fẹ́ bínú, kó máa bínú lọ. Olútóyìn ti gba ọ̀nà ilé, ẹ̀pà sísè nínú ọ̀rá lọ́wọ́ kan, fíìmù tuntun tó yá lọ́wọ́ kejì. Màmá ń dúró dè é.

Màmá yìí ni ìyá ọkọ rẹ̀. Ìkẹ́rẹ́ ni ojú wọn ti kọ́kọ́ ń ṣe bàìbàì. Nígbà tí Báyọ̀dé ọmọ wọn fi máa lọ mú wọn wá sí Èkó, wọn kò rí nǹkan kan mọ́ àfi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé, Olútóyìn kò tan tẹlifíṣọ̀n rárá. Ojú ń tì í láti máa wo ohun tí àgbàlagbà tó jókòó tì í kò lè rí. Màmá fúnra wọn ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Tàn án jàre, ìyàwó mi. Ìwọ máa wò ó, kí o máa sọ ohun tí o bá rí fún mi."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohùn àwọn òṣèré, Màmá ń gbọ́ ọ. Ìyókù, ẹnu Olútóyìn ni wọ́n fi ń rí i. Bẹ́ẹ̀ Olútóyìn kì í sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìròyìn. Aránṣọ ni, ara aṣọ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Á ní obìnrin kan ti wọlé o, léèsì ló wọ̀, ṣùgbọ́n apá aṣọ náà tóbi jù fún un, aṣọ ayálò ni, kí Màmá ṣọ́ ọ dáadáa, kò ní owó tó ń tìtorí ẹ̀ pariwo yẹn. Màmá á da ẹ̀pà sẹ́nu, wọ́n á ní ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹni tí kò lówó. Ìjà dé nìyẹn. Kí fíìmù tó parí, ọ̀kan nínú wọn á ti jẹ̀bi, ẹni tó bá sì jẹ̀bi ló máa ṣa èèpo ẹ̀pà nílẹ̀. Olútóyìn ló sábà máa ń ṣà á. Ó ti pe pásítọ̀ ní olè rí. Ó ti pe apànìyàn ní ọmọlúàbí, nítorí pé wọ́n lọ ṣòkòtò rẹ̀ dáadáa. Kò torí ẹ̀ jáwọ́. Bí Sátidé mìíràn bá dé, ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Agnes ló wá bá wọn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Agnes ni àkọ́bí Màmá, Gowon Estate ló ń gbé, kò sì jìnnà. Ó ní jẹnẹrétọ̀, ó ní tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó sì ní ọkàn rere; Olútóyìn kò ní sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nípa rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìyàwó tó ń sọ̀rọ̀ láìsinmi àti ìyá tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tẹ̀ lé Olútóyìn dé ilé ìdáná, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé òun kò wá bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé ẹni tí kò ríran síwájú tẹlifíṣọ̀n, lójú òun, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe. Ó ní ó tó àkókò kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, níbi tí ibùsùn ti tura, tí wọ́n á ti máa gbọ́ rédíò wọn.

Olútóyìn kì í ṣe ẹni tí ẹnu ń wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló máa sọ pé ọmọ ò gbọ́dọ̀ mú ìyá rẹ̀ lọ? Báyọ̀dé náà ní kí wọ́n jẹ́ kí Màmá lọ wò ó ná. Màmá kò sọ pé àwọn fẹ́, wọn kò sì sọ pé àwọn kọ̀. Wọ́n ní ilé ọmọ ni méjèèjì. Lọ́jọ́ Ajé, Agnes fi ọkọ̀ rẹ̀ wá gbé wọn.

Olútóyìn fọkàn ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní ó kéré tán, òun á ráyè wo fíìmù láìsí ẹni tó ń bi òun ní ìbéèrè. Sátidé dé, ó yá èyí tí gbogbo àdúgbò ń sọ, ó jókòó. Ọkùnrin kan wọlé nínú fíìmù náà, agbádá funfun lọ́rùn, bàtà tó ti gbó lẹ́sẹ̀.

Olútóyìn ní, "Ẹ wo bàtà yẹn."

Báyọ̀dé gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀, ó bi í pé bàtà wo. Olútóyìn ṣàlàyé pé agbádá yẹn kì í ṣe ti ọkùnrin náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tú u fó. Báyọ̀dé ní fíìmù ṣá ni, wọ́n sanwó fún un kó wọ̀ ọ́ ni. Ó padà sídìí fóònù.

Àwòrán ń kọjá lójú Olútóyìn, ṣùgbọ́n kò rí fíìmù. Ó wá yé e pé ojú nìkan kọ́ lòun fi ń wò ó láti ọjọ́ yìí wá. Bí òun kò bá rí ẹni sọ ọ́ fún, ẹni tó máa ní irọ́ lòun ń pa, òun kò mọ ohun tí òun rí. Kò dé ìdajì tó fi pa á.

Nígbà tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di Gowon Estate. Ilẹ̀kùn Agnes wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Màmá jókòó sórí àga onítìmùtìmù, Agnes wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, fíìmù sì ń lọ níwájú wọn. Ó hàn pé Màmá ti bẹ̀ ẹ́ títí ló ṣe gbà.

Agnes ní, "Ọkùnrin kan wọlé. Ó ti jókòó."

"Ṣé èèyàn rere ni àbí èèyàn burúkú?"

"Fíìmù ò tíì sọ, Màmá."

"Kí ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀?"

"Bàtà."

"Bàtà wo?"

"Màmá, bàtà náà ni ṣá. Ó dúdú."

Màmá mí kanlẹ̀. Olútóyìn wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wọn, kò sì yí ọ̀rọ̀ po.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ibí yìí dáa ju ọ̀dọ̀ wa lọ, mi ò wá jiyàn ìyẹn. Ara mi ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún. Màmá, mi ò lè wo fíìmù mọ́ láìsí ẹ̀yin."

Agnes bi í bóyá torí fíìmù nìkan ló ṣe wọ kẹ̀kẹ́ wá. Olútóyìn ní torí fíìmù ni.

Màmá na ọwọ́ títí wọ́n fi kan ọwọ́ Agnes, wọ́n dì í mú. "Ọmọ mi, oò ṣẹ̀ mí o. O wẹ̀ mí, o bọ́ mi, o ṣe é. Ṣùgbọ́n níbí, gbogbo yín ń tọ́jú mi. Lọ́dọ̀ ìyàwó mi, wọ́n ń bá mi jà. Jẹ́ kí n padà síbi tí wọ́n ti ń bá mi jà."

Ó dun Agnes, ó hàn lójú rẹ̀. Ó dìde, ó kó aṣọ ìyá rẹ̀ sínú báàgì, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Màmá ní kí wọ́n jẹ́ kí fíìmù yìí parí ná kí àwọn tó lọ, wọ́n sì yí etí sí Olútóyìn.

Olútóyìn na ọrùn. Ó ní ìdí bàtà ọkùnrin náà ti jẹ, ṣùgbọ́n ó kùn ún dán, ẹni tó ń tọ́jú ohun tó ní ni, èèyàn rere ni.

"Irọ́ ni." Agnes ló sọ bẹ́ẹ̀, báàgì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Nígbà tí ọkùnrin yẹn ń kí ìyá rẹ̀, kò wojú ẹ̀. Ojú fèrèsé ló ń wò. Mo rí i."

Màmá ní kó gbé báàgì sílẹ̀, kó wá jókòó, kó sọ ibi tó ti rí i.