Mo Gba Dàbínù, Mo Gba Ẹní Ìkírun

Àgbàyà ni mí, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Wulemot àti Safurat ń du oyè Ìyá Súnnà ní mọ́ṣáláṣí wa ní àdúgbò Mayfair. Wulemot gbé dàbínù wá, mo ní, "Tìẹ ni mo ń ṣe!" Safurat gbé ẹní ìkírun wá, mo tún ní, "Tìẹ ni mo ń ṣe!"

Ọjọ́ yẹn ni Kamilah, ọmọ ọmọ mi, fajú ro ti yunifásítì dé. Lọ́la ni yóò ṣàlàyé ní kíláàsì ìdí tí ọba Lárúbáwá kan fi gba oyè lọ́wọ́ Tọ́kì, tó tún bá Gẹ̀ẹ́sì mulẹ̀, kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dé.

"Eish, Màmá, ojúkòkòrò ni mo kọ. Tíṣà ní kò tó."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí mi.

"Ẹ̀rù ni, ọmọ mi! Bó o bá kọ ẹ̀bùn alágbára, o ti sọ ọ́ dọ̀tá. Wo dàbínù lẹ́nu mi."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fò wọlé. Tíṣà ní àlàyé tirẹ̀ ló dára jù! Mo jó yí tábìlì ká.

"Màmá, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun dé, ó di dandan kó yan ẹnì kan. Àǹtí Wulemot àti Àǹtí Safurat ló ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ yẹn o. Ta lẹ máa yàn?"