Ìkòkò Ẹ̀wà Tó Fẹ́ Wọ Bàálù

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọlé. Ẹni tó wà lẹ́yìn, fa àga rẹ síwájú. Ọ̀rọ̀ ìkòkò kan ló wà lẹ́nu mi.

Ìyá kan wà tó ń dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ìyá Oníkòkò ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kì í wo aago. Ohun tó bá wà lórí iná ló fi ń mọ àkókò. Ọmọbìnrin rẹ̀ bímọ sí ìlú mìíràn, oúnjẹ kankan ò sì wu abiyamọ náà jẹ.

"Màámi, ẹ̀wà yín ni mo fẹ́, kó máa gbóná," ó wí lórí fóònù.

Ọkọ ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ wọ bàálù, Mà. Wákàtí kan péré lẹ ó fi dé."

Ìyá pàtẹ́wọ́. "Wákàtí kan! Ẹ̀wà ò tíì ní rọ̀ tán tí n ó fi dé!"

Ó se ẹ̀wà kún ìkòkò ńlá kan, ó fi aṣọ ìbora dì í bí ọmọ tuntun, ó ń kọrin lọ:

Òkè ò jìnnà mọ́, òkè ò jìnnà,
Ẹ̀wà mi ń gbóná, ọmọ mi ń retí.

Ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfúrufú ṣí ọmọrí. "Mà, kí lèyí?"

"Ẹ̀wà ni. Ṣé ẹ̀wà ń jí bàálù gbé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n láti ilé dé ibẹ̀ ti tó àkókò tí ẹ̀wà kan fi ń rọ̀. Ìlà tí wọ́n tò, ẹ̀wà kejì. Wọ́n wá jókòó, ẹ̀wà kẹta. Ohùn kan ń ti ara ògiri jáde: "Kùrukùru bo ojú sánmà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù."

"Sùúrù wo? Ṣé sùúrù ni mo sè?" Inú ń bí i. Ó dìde tọ òṣìṣẹ́bìnrin tó wà nídìí tábìlì lọ. "Ta ló ní wákàtí kan ni?"

"Wákàtí kan ni lóòótọ́, Mà, bí bàálù bá ti wà lókè."

"Ẹni tó wà lókè ti dé! Èmi tí mo wà nílẹ̀ ńkọ́?"

Ó fọwọ́ kan ìdí ìkòkò: ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó tún fọwọ́ kàn án: ó ti tutù. Awakọ̀ kan tó jókòó tì í, tóun náà ń dúró de bàálù, mí sókè. "Mà, òórùn dídùn yìí fẹ́ pa wá."

"Ti ọmọ mi ni o! Ẹ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!"

Fóònù dún. "Màámi, ẹ ti dé ibo?"

"Ibi tí mo wà láàárọ̀ náà ni. Ẹ̀wà rẹ ti tutù, bó bá sì pẹ́ sí i, yóò kan." Omijé dé ojú rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ní, "Ṣé ẹ̀wà ló bí mi ni? Ẹ fún àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣáà dé. Ìkòkò wà níbí, iná wà níbí."

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó tú aṣọ ìbora. "Ó yá, ẹni tí ebi ń pa, kó na ọwọ́!" Ife oníbébà ni wọ́n fi ń bù ú. Awakọ̀ bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Òṣìṣẹ́bìnrin náà ò gbẹ́yìn. Ìkòkò mọ́ tónítóní kí kùrukùru tó ká.

Bàálù fò, ó sì balẹ̀. Ìyá ò tíì bọ́ bàtà nílé ọmọ rẹ̀ tó ti gbé ẹ̀wà kaná. Ìgbà tí bàálù fi wà lókè gẹ́lẹ́ ló fi rọ̀. Ọmọ rẹ̀ jẹ, ó bù sí i, ó lá ṣíbí. Ọkọ jẹ, àwọn aládùúgbò tó wá kí ọmọ tuntun náà jẹ.

Ìyá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé itan. "Má dá àwọn tó ní wákàtí kan péré lóhùn o. Òkè ò jìnnà. Ilẹ̀ ló jìnnà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, kálukú wá gba ilé rẹ̀ lọ, ikùn kún, ọkàn balẹ̀.