Háńdù Tuntun Lára Fèrèsé Ìyá Àbíkẹ́yìn

Tí ẹ bá fẹ́ rí bàtà tó ti ya lẹ́nu, ẹsẹ̀ aránbàtà ni kí ẹ wò. Tí ẹ bá sì fẹ́ rí fèrèsé tó ti kọ iṣẹ́, ilé ẹni tó ń fi fèrèsé jẹun ni kí ẹ lọ. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Ódipinpin ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bó bá ti de háńdù mọ́ fèrèsé onífèrèsé tán, á pa á dé, á fi èjìká tì í, á wá pariwo mọ́ onílé pé, "Ó di pinpin!" Atẹ́gùn kan ò sì ní gba ibẹ̀ wọlé mọ́. Ọdún gbọọrọ ló fi ń tún fèrèsé ayé ṣe, tí háńdù ilé tirẹ̀ ń mì dìrọ̀dìrọ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

Ti yàrá ló burú jù. Irin inú rẹ̀ ti jẹ tán, àkísà ni ìyàwó rẹ̀ fi so ó mọ́ igi fèrèsé kí ó má baà máa gbá. Obìnrin yẹn kì í bọ́jú láàárọ̀ kó tó ṣí fèrèsé náà. Á tú àkísà, á fi ìka kan ṣoṣo yí háńdù, á yọrí síta, á kí aládùúgbò tó ń gbálẹ̀, á bú ológbò tó sùn sórí ògiri, ìgbà yẹn nilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lójú rẹ̀. Bó bá yíjú padà, á ní, "Bàbá Àbíkẹ́yìn, ìgbà wo lẹ máa tún tèmi ṣe? Àbí kí n lọ bẹ oníṣẹ́ míì wá ni?"

Ódipinpin á rẹ́rìn-ín. "Fọkàn balẹ̀. Màá ṣe é lọ́la." Ọ̀la rẹ̀ yẹn, ẹ gbà mí, kò mọ̀nà ilé wọn rárá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni obìnrin náà ń ká aṣọ, ó kàn jókòó sílẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ jọwọrọ, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni. Ó pẹ́ lọ́hùn-ún. Àbíkẹ́yìn, ọmọ wọn obìnrin, fi ilé ọkọ sílẹ̀ wá ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, dókítà pe òun àti bàbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí wọ́n máa gbé ìyá lọ sílé, pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kọjá ohun tí oògùn lè mú padà, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí ara tù ú ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù. Bàbá kọjú sí ògiri.

Àbíkẹ́yìn bi ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, kí lẹ fẹ́ kí á ṣe sílẹ̀ dè yín nílé?"

Ìyá fi ahọ́n tó wúwo dáhùn. "Wọ́n ń wẹ̀ mí. Wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ mi. Wọ́n ń yí mi sọ́tùn-ún sósì bí ọmọ jòjòló. Kò burú. Fèrèsé mi nìkan ni kí ẹ jẹ́ kí n máa fọwọ́ ara mi ṣí."

Ódipinpin gbọ́, ojú sì tì í. Gbogbo "màá ṣe é lọ́la" tó ti sọ láti ọjọ́ yìí wá ló ń pè é lórúkọ. Ó fò dìde, ó gba ọ̀nà ilé lọ, ó ra háńdù tó dára jù lọ́jà. Ó tú ti yàrá, ó tú ti pálọ̀, ó tú ti ilé ìdáná, kódà ó tú ti ilé ìwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Ó dí ihò àtijọ́, ó lu tuntun, ó de gbogbo sìkúrù títí ọrùn rẹ̀ fi ń làágùn. Aládùúgbò tó ń gbálẹ̀ dúró ń wò ó láti ìta.

"Ódipinpin! Ṣé ọ̀la ti dé ni?"

"Ó ti dé," ó wí. Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹni tó ń ra àlòkù irin gba iwájú ilé kọjá, ó da gbogbo háńdù jíjẹ sínú àpò rẹ̀, kò tilẹ̀ wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n gbé ìyá délé. Ódipinpin ti yí bẹ́ẹ̀dì kí ọwọ́ òsì tó ṣì ní agbára díẹ̀ lè kan fèrèsé. Ó pa á dé, ó fi èjìká tì í. "Ó di pinpin!" Ó wá bọ́ sẹ́yìn bí ọkọ ìyàwó. "Ó yá, ìyá ilé. Tìẹ rèé. Ṣí i."

Ìyá na ìka kan. Háńdù ò mira. Ó fi ìka mẹ́rin di í mú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í títí itọ́ fi ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Háńdù dúró síbẹ̀, ó ń dán gbinrin. Ẹ ò rí nǹkan? Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọkùnrin yìí fi dán an wò, ọwọ́ tó ti ń yí irin láti kékeré. Kò rántí fi ọwọ́ aláìsàn dán an wò. Nǹkan tuntun a máa le. Háńdù jíjẹ tó kó dànù yẹn, tó ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ̀ láti ọdún yìí wá, ìka kan péré ló ń fẹ́.

Ìyá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ó mà di pinpin lóòótọ́," ó wí. Lẹ́yìn náà omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kàn di ojú ni.

Ódipinpin sáré wá ẹni tó ń ra àlòkù irin kiri. Ọkùnrin yẹn ní wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lọ yọ́. Ó ta epo sínú háńdù tuntun náà, epo ṣàn sí ara ògiri lásán. Ó tú sìkúrù díẹ̀, háńdù bá há pátápátá, ó ní láti dè é padà. Ó béèrè irú ti àtijọ́ ní gbogbo ìsọ̀, wọ́n ní ta ló tún ń ta ìyẹn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ máa parí.

Nígbà tó rí i pé lílò nìkan ló lè mú un rọ̀, ó dúró ti fèrèsé. Ó ń ṣí, ó ń tì. Ó ń ṣí, ó ń tì. Oníbàárà pè é títí, kò dá wọn lóhùn. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú, ó fi aṣọ wé e, ó tún ń ṣí, ó tún ń tì. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni aya rẹ̀ ń rí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Àbíkẹ́yìn, ẹ wá jókòó."

"Mò ń bọ̀."

"Ẹ wá jókòó, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Ó ti ń rọ̀. Ó kù díẹ̀. Gbìyànjú ẹ̀ wò ná."

Ìyá á na ọwọ́, kò ní lè yí i, ọwọ́ á sì já bọ́ sórí aṣọ ìbora. Ọkọ rẹ̀ á mí kanlẹ̀, á tún kọ ẹ̀yìn sí i. Ojoojúmọ́ ni agbára ọwọ́ òsì yẹn ń dín kù. Ó rí i, ó mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi túbọ̀ ń yára.

Pálọ̀ ni Ódipinpin ń sùn nígbà yẹn, Àbíkẹ́yìn ló ń sùn ti ìyá rẹ̀. Àárọ̀ kan, bó ṣe ṣí ilẹ̀kùn yàrá, atẹ́gùn fẹ́ lù ú lójú. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu! Àbíkẹ́yìn gbé báàfù omi dání, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan.

"Èmi ni mo ṣí i," ìyá wí. "Ìka kan."

Háà! Ódipinpin jó. Bàbá arúgbó tó ń jó ní yàrá aláìsàn, pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ wíwú! Ó yọrí síta, ó pe aládùúgbò, ó ní kó wá wo iṣẹ́. "Mo wí bẹ́ẹ̀! Mo ní ó ń rọ̀!" Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wá rántí bó ṣe ti rẹ̀ ẹ́ tó, ó fa àga, ó jókòó ti aya rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo àárọ̀ tó bá wọlé, fèrèsé á ti ṣí. Kò fọwọ́ kàn án mọ́, kí ló tún kù tó máa ṣe níbẹ̀? Ó ń jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ yàrá kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ gbé, tí òjò ń jò sórí ìrọ̀rí wọn, tí àwọn méjèèjì sì ń sùn sí ìhà kan náà. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ tó kú kí Àbíkẹ́yìn tó dé, tí wọn ò dárúkọ rẹ̀ láàárín ara wọn láti ìgbà náà. Ọkùnrin náà sunkún lórí ọwọ́ òsì yẹn, ìyá sì fi ìka pa á lórí. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò rí àyè sọ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n sọ níbẹ̀.

Àárọ̀ tí ìyá kú, ọkọ rẹ̀ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Fèrèsé wà ní títì, kò sì sí ẹni tó kíyè sí i.

Wọ́n sin ín. Àwọn èèyàn wá, wọ́n bá wọn kẹ́dùn, wọ́n lọ. Nígbà tí Àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù láti padà sílé ọkọ, Ódipinpin wọ yàrá lọ. Inú yàrá móoru. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ní àyè obìnrin náà gan-an, ó sì na ọwọ́ òsì. Ìka kan. Ó fẹ́ mọ bó ṣe rí lára aya òun.

Háńdù ò mira.

Ó fi ìka mẹ́rin kún un. Ó le bí ọjọ́ tó dè é. Gbogbo ṣíṣí àti títì yẹn, kò já mọ́ nǹkan kan. Oníṣẹ́ ni, kò sí ẹni tó máa sọ fún un ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀. Aya rẹ̀ kò lè ṣí fèrèsé yìí láéláé.

"Àbíkẹ́yìn!"

Ọmọ náà wọlé. Ó rí ibi tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ wà, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Dádì. Èmi ni mo ń ṣí i. Màmá ló ní kí n máa ṣí i kí ẹ tó jí, kí n má sì wí nǹkan kan."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ fèrèsé mọ́." Ẹkún gba ohùn ọmọ náà. "Wọ́n ní bí ẹ bá ṣì rí nǹkan tún ṣe nínú yàrá yìí, ẹ ò ní jókòó. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ kí ẹ jókòó ti àwọn ni."

 Ódipinpin wo háńdù tó ń dán, ó wo àga tó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí kò sí ẹni tó gbé e kúrò. Ó dìde, ó lọ jókòó sínú àga náà, ó kọjú sí ìrọ̀rí. 

"Ooru ń mú mi. Bá mi ṣí i."

Àbíkẹ́yìn dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì yí háńdù, fèrèsé ṣí, atẹ́gùn wọlé.

"Wá sọ fún mi," bàbá rẹ̀ wí, kò yíjú padà, "wá sọ fún mi pé òun ló ṣí i."

"Màmá ló ṣí i, Dádì," ọmọ náà wí. "Ìka kan."