Orí Iṣu Kì Í Ṣe Jíjẹ

Omi ló wà níbi tí ògiri ilé ìdáná mi yẹ kó wà. Omi tó tẹ́ rẹrẹ, ó funfun bí omi ògì, ó tòrò, kò sì dún. Ilẹ̀ tí mo dúró sí, ilẹ̀ ilé mi ní Ẹrúwà ni, mo dá ibi tó sán lára rẹ̀ mọ̀. Àdògán mi wà níbẹ̀, iná wà nínú rẹ̀, àmọ́ iná náà kò ní èéfín. Mo gbójú sókè, mi ò rí páànù. Mo wá ń rò ó pé ta ló ṣí òrùlé mi láìsọ fún mi, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù náà lẹ́yìn ìjì.

Ẹ̀rù kò bà mí o. Ohun tó ń ṣe mí ni bí ìgbà tí ayọ̀ ń bọ̀ tí kò tíì dé, tí àyà èèyàn á máa lù kì kì kì bí ẹsẹ̀ ọmọdé lórí pákó. Bẹ́ẹ̀ ni àyà mi ti ń lù láti ọjọ́ tí Tinúadé, ọmọ ọmọ mi, ti wá bá mi gbé láti dúró de èsì ìdánwò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìdánwò náà ná, kí ẹ tó bá mi wọ inú àlá. Nọ́ọ̀sì ni Tinúadé n'Ìbàdàn. Ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà, ìwé rẹ̀ pé, àmọ́ máàkì tí àwọn tó ń fúnni ní físà ń wá kò pé. Wọ́n ní tó bá lè ṣe ògbufọ̀, tí Yorùbá bá wọ̀ ọ́ létí tó fi òyìnbó gbé e jáde, tí òyìnbó bá wọ̀ ọ́ létí tó fi Yorùbá gbé e jáde, àwọn á fi máàkì kún un. Mo pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́. Èmi tí mi ò kọjá ìwé méjì, ṣé Yorùbá tí mo fi ń pè é wá jẹun náà ni wọ́n ń fún ní máàkì? Mo ní ọmọ mi ti wọlé.

Àṣé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Nínú ìdánwò náà, ohùn obìnrin kan ń bá òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀, Tinúadé ló wà láàárín wọn. Obìnrin náà ní, "Ọkọ mi papòdà lọ́dún tó kọjá." Tinúadé, ọmọ ìgboro, ọmọ tí wọ́n fi òyìnbó wẹ̀ láti kékeré, ó bá sọ ọ́ lóyìnbó pé ọkọ obìnrin náà kó lọ sí ilé mìíràn. Ìgbà tí obìnrin náà tún lanu, tó ní òun ń wá ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣe fún opó, ni ọmọ mi tó mọ̀ pé òun ti ṣì í. Ó tọrọ gáfárà, ó ní rárá o, ọkọ náà kú ni. Àmọ́ wọ́n ti gbọ́ ti àkọ́kọ́, kò sì mọ ohun tí wọ́n máa yọ nítorí rẹ̀. Tí máàkì yẹn bá fi lè já, físà já nìyẹn, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ ti fẹ́ kọjá èyí tí wọ́n ń gbà. Kò sí pé á tún un ṣe.

Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí mi. Mo ní ọkọ olóògbé wá di ayálégbé. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà wá di ẹkún, mo wá ń kọrin fún un bí ìgbà tí mo ń pọ̀n ọ́n, títí oorun fi gbé àwa méjèèjì lọ. Inú oorun yẹn ni mo ti bá ara mi létí omi.

Ọkọ mi ń bọ̀ lórí omi náà. Bàbá Láníhùn ti kú fi mí sílẹ̀ tipẹ́, Tinúadé kò tíì kúrò nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè bó ṣe máa ń ká a tí ìrì bá wà lójú ọ̀nà oko. Iṣu kan wà ní apá rẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ kejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan omi, omi ò mì.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "iná rẹ dára."

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ mà pẹ́."

Ó ní ọ̀nà ọ̀hún ni kò ní ibùsọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wá àpótí rẹ̀, àpótí náà sì wà níbẹ̀, ó jókòó.

Iṣu sísun ni iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a dá sí i. Á gé orí iṣu náà sọ́tọ̀, á ki ìyókù bọ iná, á máa fi ìka yí i bí ẹni pé iná kì í jó o. Tó bá jiná, á máa fi ọ̀bẹ họ èèpo dúdú náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á sì máa kọ orin tó fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe létí omi yẹn.

Rọra họ ọ́, rọra,
Èèpo ni tiná, inú ni tèmi,
Rọra họ ọ́, rọra.

Mo bá a gbè é. Ohùn wa gba orí omi lọ, kò padà.

Mo wá ro ẹjọ́ ọmọ náà fún un. Mo ní ẹ̀yin lẹ lọ papòdà, òun ni wọ́n wá fẹ́ yọ máàkì rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń mì, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín láìfọhùn. Ó fẹ́ eérú kúrò lára iṣu.

"Ibo lo ti rí mi yìí, Àwẹ̀ró? Ṣé ilé àná ni?"

Mo wo omi náà. Mo ní kì í ṣe ilé àná.

"Ọmọ náà ò kúkú purọ́," ó ní. "Mo kó lọ."

Ó la iṣu náà sí méjì. Ooru rẹ̀ fẹ́ sí mi lójú, itọ́ kún mi lẹ́nu, ọwọ́ mi sì ti ń lọ kí n tó rántí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé a kì í jẹun lójú àlá, ká tó wá sọ pé látọwọ́ òkú. Ìyá mi kọ́ wa pé tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún wa lójú oorun, ká ní a ti jẹ. Mo fa ọwọ́ mi padà, mo ní, "Mo ti yó."

Ó wò mí bó ṣe wò mí nígbà tó kọ́kọ́ wá bá mi sọ̀rọ̀ ìfẹ́, tí mo ní mi ò gbọ́.

"Ta ló ní kí o jẹun?" Ó bu iṣu náà sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó jẹ ìdajì kejì náà. Lẹ́yìn náà ló mú orí iṣu tó ti gé sọ́tọ̀, èyí tí iná kò kàn, ó fi ewé eéran wé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó tutù.

"Ti Tinúadé ni. Kì í ṣe jíjẹ."

Mo ní kí wá ni kó fi ṣe. Ó ti dìde, ó ti ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀.

"Ìyàwó àgbẹ̀ ni ọ́," ó ní, "o sì ń bi mí."

Àkùkọ kọ. Ọwọ́ mi là sílẹ̀ lórí ẹní, kò sí nǹkan nínú rẹ̀, àmọ́ ó tutù. Páànù mi wà lókè, gbogbo rẹ̀ pé. Mo dùbúlẹ̀, mo ń ronú orí iṣu. Kí la ń fi í ṣe? A kì í sè é, a kì í gún un. Ebè mìíràn la ń gbé e lọ. A ó fi erùpẹ̀ bò ó, aládùúgbò tí kò mọ iṣẹ́ oko lè ní a sin ín. Kò kú. Ó papòdà ni.

Mo mú orin lẹ́nu kí n tó mú ìró.

Ebè tuntun ń pè é o,
Orí iṣu ń lọ,
Ẹ má dì í lọ́wọ́, ó ń lọ ta.

Tinúadé wà lójúde, fóònù wà lórí itan rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ bí abọ́ tí a fi bo nǹkan. Ó ní èsì ti wọlé, òun ò lè ṣí i.

Mo ní, "Bàbá rẹ àgbà ti jẹ tirẹ̀. Tìrẹ kì í ṣe jíjẹ. Ṣí i."

Ó wò mí bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀, ó sì ṣí i. Ó na fóònù náà sí mi, èmi tí mi ò lè kà á. Ojú rẹ̀ ni mo kà.

"Wọ́n yọ díẹ̀, Màmá," ó ní. "Àmọ́ mo yege."

Ijó tí mo jó, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ìyá Rábíátù tí ilé rẹ̀ kangun sí tèmi yọjú lórí ọgbà, kẹ́tù àlùwàlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀ nílé wa láàárọ̀ yìí. Àlá ṣì kún mi lẹ́nu. Mo ní, "Tinúadé ni. Ó papòdà."

Kẹ́tù bọ́. Obìnrin náà ká ọwọ́ lórí, ó fi igbe ta, ó di kí òkú fúnra rẹ̀ sáré jáde lọ dì mọ́ ọn kó tó dákẹ́.

Tinúadé bojú wẹ̀yìn láti èjìká Ìyá Rábíátù, omijé àti ẹ̀rín lójú kan náà. Ó ní, "Màmá, máàkì mélòó ni wọ́n máa yọ nínú tiyín?"

Mo ní kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀. Mo ti wà nídìí iṣu nígbà yẹn, ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, mo ń ṣa èyí tí orí rẹ̀ tóbi.